Àyè Bọ́tìnì Kan

Ẹni tó bá ń wá ìjà télọ̀ yìí, kó kàn wọ aṣọ tó tú wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ le koko. Á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á tún fi í sójú, á wá na ọwọ́ mú aṣọ lára oníyẹn láìtọrọ ààyè. "Ó tú díẹ̀," ni yóò wí. "Jẹ́ kí n gbà á wọlé." Ó sọ gbólóhùn yìí títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Gbà-á-wọlé ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é. Kì í bínú sí i. Oríkì ló kà á sí.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Aṣọ tó bá rán kì í hunjọ níbì kankan lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé ẹni náà kò ní lè jókòó. Ọ̀gá ilé-ìwé kan wọ sòkòtò rẹ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn òbí, ó dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi túká, àwọn òbí sì ń yìn ín pé ọ̀gá tó mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn nìyí. Òun nìkan ló mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí lábẹ́ kóòtù.

Lẹ́yìn aṣọ, ohun kan ṣoṣo tí ọkàn Gbà-á-wọlé fẹ́ ni alùpùpù rẹ̀. Àtijọ́ ni, dúdú, táǹkì epo rẹ̀ yọ síta bí ikùn aboyún, iná iwájú rẹ̀ sì tóbi ju orí ọmọdé lọ. Ìgbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n ló ti rà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń gbé ìyàwó rẹ̀ sí nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Nísinsìnyí, yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, aṣọ funfun ló fi ń bò ó, ojoojúmọ́ ló sì ń nù ún. Ìyàwó rẹ̀ kì í pe nǹkan náà ní alùpùpù.

"Bàbá Ìbejì, ṣé orogún mi jí dáadáa?" ni Ìyá Ìbejì máa ń bi í láàárọ̀. "Ẹ rọra nù ún o, kí ara má ta á. Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn látàná, ẹ jẹ́ kí n máa fọwọ́ ara mi ra ẹ̀yìn mi."

Kì í ṣe pé ó kórìíra alùpùpù náà látilẹ̀. Òkè ló dá ìjà sílẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lórí òkè kan tó ga débi pé ewúrẹ́ pàápàá máa ń sinmi lágbedeméjì. Lọ́dún tí àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, tọkọtaya yìí ń lọ kí ẹ̀gbọ́n náà, alùpùpù sì dákú mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi tí ewúrẹ́ ń sinmi. Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà tuntun, ó sì ń tì í láti ibẹ̀ dé ẹnu géètì títí gìgísẹ̀ bàtà kan fi kán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wọ́n bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ṣebí mo sọ fún ọ." Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì kò gun ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ mọ́.

Gbà-á-wọlé kò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó gùn ún, nítorí olórí kunkun ni. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Bó bá ń dá gùn ún lọ láàárọ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lẹ́yìn níbi tó yẹ kí èèyàn wà, ó máa ń ṣe é bíi kó yà padà sílé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí àwọn ìbejì fi di ọlọ́mọ, tí àwọn ọmọ-ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá àgbà. Orí ilẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Ìyá Ìbejì wo àwọn ọmọ nílẹ̀, ó wo orogún rẹ̀ nínú yàrá, ó sì lọ pe ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù. Ọkùnrin yìí wá, ó wo alùpùpù náà bí alápatà ṣe ń wo màlúù. Inú Gbà-á-wọlé bà jẹ́, ó sì fi aṣọ funfun bo alùpùpù náà.

"Ẹ gbọ́, Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó wí nígbà tí onírin-àlòkù ti lọ. "Mi ò kì í ṣe ìkà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá jẹun lọ́sàn-án Sátidé. Bí nǹkan yẹn bá gbé èmi àtẹ̀yin dé ẹnu géètì rẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ lójú ọ̀nà, yàrá di tirẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn bíi tọjọ́sí, a ó gbé e fún onírin-àlòkù."

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo máa gun ẹ̀yìn mi?"

"Ta ló tún kù? Ṣé onírin-àlòkù ni?"

Gbà-á-wọlé gbà kíá. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yàrá ló ń jà fún. Kì í ṣe yàrá. Obìnrin náà yóò tún jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn nìkan ló gbọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ.

Mẹkáníìkì kan wà ní ìkóríta tí wọ́n ń pè ní Dókítà. Kò sí ẹni tó fún un lórúkọ náà, òun ló fún ara rẹ̀. Ó ní kóòtù funfun kan tí kò funfun mọ́, kó tó fọwọ́ kan alùpùpù, á kọ́kọ́ gbé etí lé e. Ó gbé etí lé ti Gbà-á-wọlé, ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀, ó sì mi orí.

"Kílọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é," ó ní. "Ẹ wò ó, Bàbá. Irin ọwọ́ òsì tí ẹ máa ń fún kí ẹ tó yí jíà yìí, wáyà ló so ó mọ́ àwọn àwo pẹlẹbẹ kan nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá fún un, àwọn àwo yẹn á fi ara wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú, ìgbà náà ni táyà máa lágbára. Tiyín ò di ara wọn mú tán."

Ó yí nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nídìí irin náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú bọ́tìnì kan tó ti já lára kóòtù rẹ̀, ó kì í bọ àlàfo ibẹ̀, bọ́tìnì náà sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

"Télọ̀ ni yín, ẹ jẹ́ kí n fi èdè yín sọ ọ́. Àyè bọ́tìnì kan ni kó máa wà níbí kí wáyà tó fà. Bí àyè yìí ò bá sí, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ ń fún un tọ̀sán-tòru. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Gbà-á-wọlé mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ó gun alùpùpù náà délé, ó sì ń sáré geere. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, nígbà tó fẹ́ fi aṣọ funfun bò ó, ó fi ìka kan irin náà. Irin náà mì kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó tún mì. Ó wọlé lọ jẹun, ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ irin náà. Irú iṣẹ́ wo nìyí? Bí òun bá rán kọ́là tó ń mì báyìí, ṣé oníbàárà ò ní da aṣọ padà sí òun lójú? Ó fi àwo oúnjẹ sílẹ̀, ó padà sínú yàrá, ó sì yí nọ́ọ̀tì náà títí àyè fi tán pátápátá. Irin dúró wámú. "Ó tú díẹ̀ ni," ló sọ fún alùpùpù, ó sì lọ sùn, oorun náà sì dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ gun gẹ̀rẹ́ kékeré tó wà lẹ́bàá ilé búrẹ́dì. Ẹ́ńjìnnì ké tòò, ariwo gba àdúgbò, ṣùgbọ́n táyà ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Adìẹ kan rìn kọjá lára rẹ̀. Kì í ṣe pé adìẹ náà ń kánjú.

Ó tì í padà lọ bá Dókítà, ó sì fi ìbínú sọ̀rọ̀. "Ṣé ohun tí o tún ṣe nìyí?"

Dókítà wo ìdí irin, ó lanu. "Àyè tí mo fi sílẹ̀ dà?"

"Èmi lò ń bi?"

Dókítà tún un ṣe, ó fi bọ́tìnì wọ̀n ọ́n. Nírọ̀lẹ́, Gbà-á-wọlé gbà á wọlé. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, wọ́n tún pàdé ní ìkóríta. Dókítà pààrọ̀ wáyà. Ó tú ẹ́ńjìnnì, ó kó àwọn àwo inú rẹ̀ síta, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí àìsàn kankan. Ẹnu Dókítà tó máa ń pariwo ní ìkóríta láti àárọ̀ wá dákẹ́ lọ́lọ́, àwọn èèyàn sì ń rọra bi í bóyá ẹnìkan ń ṣàìsàn nílé.

"Bàbá, wọn kì í fini joyè àwòdì kéèyàn má lè gbádìẹ," ló sọ fún Gbà-á-wọlé ní Fúráìdé, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Mo fi àyè sílẹ̀. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Kó tó di ọjọ́ kejì, àyè ti lọ. Àbí irin náà ń dàgbà ni? Bó bá tún yí padà lẹ́yìn tòní, mo fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, màá lọ máa ta omi."

"Bóyá o máa ń kánjú ni," ni Gbà-á-wọlé dá a lóhùn.

Ẹ má pè é ní òpùrọ́. Lójú tirẹ̀, ohun tó ń ṣe nínú yàrá kì í ṣe àtúnṣe, ìmọ́tótó ni. Ẹni tó gbálẹ̀ ilé rẹ̀, ṣé ó yẹ kó lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tó kọ́ ilé?

Sátidé pé. Gbà-á-wọlé ti rán sòkòtò tuntun fún ọjọ́ náà, aláwọ̀ eérú, ó sì ti gbà á wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró níwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀.

"Ṣé kò fún yín jù?" ni Ìyá Ìbejì béèrè.

"Ó bá mi mu."

"Mo rí i pé ó bá yín mu. Ṣé ẹ lè tẹ̀ ni mò ń béèrè."

Ó jáde lọ gbé alùpùpù, ó sì fi ìka kan irin kílọ́ọ̀ṣì. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun máa wo òun láti òkè délẹ̀, ṣé irin tó ń mì lòun máa gùn lọ? "Díẹ̀ ni," ó ní, ó sì yí nọ́ọ̀tì. Kì í ṣe díẹ̀. Ó gbà á wọlé tán pátá.

Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ju ìborùn lé èjìká, ó sì di irin tó wà lẹ́yìn ìjókòó mú, kò di ọkọ rẹ̀ mú. Wọ́n gbéra. Lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, kò sí ìyọnu, àwọn aládùúgbò ń juwọ́ sí wọn, Gbà-á-wọlé sì ń gbọ́ mímí ìyàwó rẹ̀ létí. Ó wù ú kí òkè má tètè dé.

Òkè dé. Ó wọ jíà kìíní. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú. Wọ́n gòkè díẹ̀, igbe náà ń pọ̀ sí i, ìrìn náà ń dín kù, òórùn kan sì gbéra láti ìsàlẹ̀, bíi ti aṣọ tí wọ́n gbàgbé áyọ́ọ̀nù lé lórí. Ọkùnrin kan tó ru pákó bá wọn, ó kọjá wọn, ó sì kí wọn pé ẹ kú ìrìn. Níbi tí ewúrẹ́ ń sinmi gan-an, táyà dúró. Gbà-á-wọlé pa ẹ́ńjìnnì, ó fẹsẹ̀ méjèèjì dúró, ó di bíréèkì mú. Lókè lọ́hùn-ún, ẹnìkan ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wò wọ́n.

Ojú ti Gbà-á-wọlé débi pé ó fẹ́ẹ̀ sunkún.

"Sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Ó parí. Kí onírin-àlòkù máa bọ̀. Sọ̀ kalẹ̀, kí n tì í dé òkè."

"Mi ò sọ̀."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò sọ̀. Ẹ ò rí Àǹtí lókè yẹn? 'Ṣebí mo sọ fún ọ' ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó kàn ń dúró dè mí ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò kúrò létí mi dòní. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá nǹkan ṣe sí orogún mi."

Gbà-á-wọlé yíjú wò ó. Obìnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí ilẹ̀ má bàa kàn án rárá, ó fẹnu pọ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Orogún tó ń bú láti ọjọ́ yìí, òun náà ló gbé ẹsẹ̀ sókè nítorí rẹ̀! Inú ọkọ gbóná fún ayọ̀. Kò sí ọkùnrin tó máa gbọ́ irú èyí tí kò ní lágbára. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè láti gbá irin tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi gbogbo ara gbá a.

Fàààà!

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Sòkòtò aláwọ̀ eérú ló ya láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bọ́tìnì ìbàdí rẹ̀ já, ó fò, ó ba iná iwájú, ó sì bọ́ sórí táǹkì.

Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, alùpùpù ń mì lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ló ń wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ó bá yín mu!"

"Ó bá mi mu lóòótọ́!"

"Nígbà tí ẹ dúró níwájú dígí ni! Ta ló ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró níwájú dígí? Èèyàn á jókòó, á tẹ̀, á gbé ẹsẹ̀. Ẹ ò fi àyè kankan sílẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yín gbà?"

Gbà-á-wọlé yíjú padà síwájú. Ó wo irin kílọ́ọ̀ṣì tó dúró wámú bí ọmọ ogun. Inú yàrá ló ti máa ń wò ó. Ibi tí nǹkan ti dúró, tí kò gbé ẹnì kankan, tí kò gun ibì kankan, ibẹ̀ ló ti ń sọ pé ó dára. Ó rántí Dókítà àti ohùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n.

"Ìyá Ìbejì," ó ní jẹ́jẹ́, "èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ń gbà á wọlé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Àti láàárọ̀ òní."

Ẹ̀rín obìnrin náà dáwọ́ dúró. "Tí ẹ sì ń lọ pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí ní ìkóríta? Bàbá Ìbejì! Láti ilé Àǹtí, ọ̀dọ̀ Dókítà la ó gbà lọ. Ẹ ó bẹ̀ ẹ́, màá sì dúró níbẹ̀ kí n gbọ́ ọ."

"Màá bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n dúró títí ẹ́ńjìnnì fi tutù díẹ̀, òórùn náà sì lọ. Gbà-á-wọlé mú bọ́tìnì sòkòtò rẹ̀ lórí táǹkì. Ó yí nọ́ọ̀tì padà, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́, ó sì fipá mú ọwọ́ náà, títí bọ́tìnì fi wọ àlàfo náà. Ó yọ bọ́tìnì, ó fi ìka kan irin. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, síbẹ̀ ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì jí. Ó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí àwọn àwo ìsàlẹ̀ di ara wọn mú. Alùpùpù gbéra. Kò ké, ó ń kùn bí ológbò tó yó, ó ń gun òkè. Wọ́n bá ọkùnrin tó ru pákó, wọ́n kọjá rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o!" ni Ìyá Ìbejì kígbe sí i, ó sì dá a lójú pé ó gbọ́.

Wọ́n dé ẹnu géètì. Ìyá Ìbejì rọra gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì, bí ayaba tó ń sọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì wo gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀," ló sọ níkẹyìn. Ó yíjú sí àna rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyàwó tí kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ti sọ̀. Ọkọ tó yẹ kó sọ̀ kò lè sọ̀. Gbà-á-wọlé fi itan méjèèjì di táǹkì mú, òógùn ń bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n mọ́ ọn níbàdí bí ẹni ń pọnmọ, ó sì so ó.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Bí àwọn tó mọ alùpùpù gùn ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn, Àǹtí," ni Ìyá Ìbejì dáhùn, ojú rẹ̀ kò sì fì rárá.

Wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀. Nígbà tó tó àkókò láti máa lọ, ọkọ ẹ̀gbọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí Ìyá Ìbejì jẹ́ kóun gbé e délé, òkè náà ga jù láti fi nǹkan àtijọ́ sọ̀ ọ́. Gbà-á-wọlé wolẹ̀. Àdéhùn ti pé, ìyàwó rẹ̀ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìrìn kankan mọ́.

"Ẹ ṣé," ni Ìyá Ìbejì wí. "Mo ní nǹkan tí mo máa bá lọ."

Ó gun ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò wá irin ẹ̀yìn ìjókòó. Ó na ọwọ́ méjèèjì yí ọkọ rẹ̀ ká lórí ìborùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ bá Dókítà. Ọwọ́ náà dẹ̀ díẹ̀. Gbà-á-wọlé mọ̀ ọ́n lára, ahọ́n sì ń yún un. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà.

"Ó tú, àbí?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè létí rẹ̀.

"Rárá. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa," ó ní, ó sì gbà á wọlé fúnra rẹ̀.